Ọjọ́ mẹ́rin ní Lamu, erékùṣù tí kò sí mọ́tò: mo fẹ́ mú màmá mi lọ, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn wọ́n

Ará Gwarinpa, Àbújá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Màmá mi ti pé ọdún 68. Ìlọrin ni ilé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ní Àbújá ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí orúnkún ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Yàtọ̀ sí Mẹ́kà, wọn kò tíì rin ìrìn àjò kankan tí kì í ṣe ti òwò tàbí ti ìnáwó ẹbí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ó wu àwọn láti sùn sí etí òkun fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ wa fi àwòrán Lamu ní orílẹ̀-èdè Kenya hàn mí, ọkàn mi sì fà sí i lójú ẹsẹ̀: ìlú Mùsùlùmí ni, òkúta ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé rẹ̀ àtijọ́, òkun wà ní iwájú ilé, kò sì sí mọ́tò tí yóò máa fọn fèrè kiri.

Ohun tí ó fà mí mọ́ra yìí gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ìlú tí kò sí mọ́tò ni ó yẹ kí a mú ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lọ? Mo ní ìsinmi ní oṣù kẹrin, ní àkókò Àjíǹde, mo sì rò pé a lè sùn níbẹ̀ fún òru mẹ́rin. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ sọ bí a ṣe ń dé ibẹ̀, ibi tí ó yẹ kí a sùn, àti bí màmá yóò ṣe máa rìn nígbà tí a bá débẹ̀.

Ará Kubwa

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí Lamu, ìgbà kejì pẹ̀lú bàbá ìyàwó mi tí ó ń fi ọ̀pá rìn, nítorí náà ìbéèrè rẹ yé mi dáadáa. Ó ṣeé ṣe, ó sì lè dùn mọ́ màmá gan-an, ṣùgbọ́n má ṣe lọ ní oṣù kẹrin. Òjò ńlá ti etíkun Kenya máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ó sì máa ń rọ̀ títí wọ inú oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà. Ní àkókò yẹn ni afẹ́fẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kusi, tí ó ń fẹ́ wá láti gúúsù, máa ń gba ipò lọ́wọ́ kaskazi tí ó ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Òkun a máa ru, ọ̀nà inú ìlú a máa yọ̀, àwọn ilé àlejò kan tilẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn pa títí òjò yóò fi dá. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dùn kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ìgbì bá ń gbé e sókè sódò. Àti oṣù kejìlá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni kaskazi ń fẹ́. Oòrùn a máa mú nígbà náà, ṣùgbọ́n òkun a máa pa rọ́rọ́, ilẹ̀ a sì gbẹ. Wo kàlẹ́ńdà kí o má baà bọ́ sí inú Ramadan, nítorí ìlú náà ń gbààwẹ̀ pátápátá, kò sì rọrùn láti rí oúnjẹ rà ní ọ̀sán.

Ní ti ọ̀nà, ọkọ̀ òfúrufú Ethiopian ń gbéra láti Àbújá lọ sí Addis Ababa, láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti wọ òmíràn lọ sí Nairobi. Nairobi ni ẹ ó sùn. Má ṣe gbìyànjú láti dé Lamu ní ọjọ́ kan náà. Ìdí ni pé pápákọ̀ ńlá tí ẹ ó bà sí ni Jomo Kenyatta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí ń lọ sí Lamu máa ń gbéra láti Wilson, pápákọ̀ mìíràn tí ó wà ní apá ibòmíràn nínú ìlú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì kò sì kéré sí ti Nyanya ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ òfúrufú Jambojet ní tirẹ̀ máa ń gbéra láti Jomo Kenyatta; bí ẹ bá rí àyè nínú rẹ̀, ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yẹn. Ka tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa láti mọ èyí tí o rà.

Láti Nairobi dé Lamu, bí ọkọ̀ kò bá yà níbì kankan, ó tó wákàtí kan àti díẹ̀. Kì í sì í ṣe orí erékùṣù Lamu gan-an ni ẹ ó bà sí. Orí Manda ni, erékùṣù kejì tí ó dojú kọ ọ́. Ẹ ó rìn díẹ̀ láti pápákọ̀ lọ sí èbúté, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé yín sọdá láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tí ó ní kẹ̀kẹ́ ọmọlanke máa ń gbé ẹrù lọ sí èbúté.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù ni ibi tí èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ tí ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn olókùúta ni, kì í sì í ṣe bákan náà láti àárọ̀ di alẹ́. Omi òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì máa ń fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, àkókò rẹ̀ a sì máa sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Nígbà tí omi bá kún, etí ọkọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èbúté, àgbàlagbà yóò kàn gbé ẹsẹ̀ kan sí inú rẹ̀ ni. Nígbà tí ó bá fà tán, àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tí ewé òkun ti bò ni yóò yọ jáde, yóò máa yọ̀ bí ilá, màmá yóò sì ní láti gun òkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Èyí a máa le jù nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, nítorí omi máa ń fà jìnnà ní àsìkò méjèèjì. Béèrè lọ́wọ́ onílé tí ẹ ó sùn sí pé aago mélòó ni omi yóò kún ní ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Àwọn ará Lamu mọ̀ ọ́n bí àwa ṣe mọ àkókò ìrun. Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàbá ìyàwó mi wú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò sì fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí màmá.

Ará Gwarinpa, Àbújá

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ èbúté yìí kò wá sí ọkàn mi rárá. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà kí n gbé ìsinmi mi sí ìparí oṣù kìíní. Ó wá ku ibi tí a ó sùn. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń yin inú ìlú Lamu, mo sì rí àwọn mìíràn tí wọ́n ní Shela ni kí a lọ.

Ìyá Ìbejì, Kaduna

Ọmọ mi, inú ìlú ni kí ẹ sùn, kí ó sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkun. Shela jẹ́ abúlé kékeré tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 3 sí ìlú, ó dákẹ́, ó mọ́, etíkun oníyanrìn tí ó gùn rẹrẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àmọ́ yanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, orúnkún tí ń dùn kò sì fẹ́ràn yanrìn. Ilẹ̀ títẹ́jú ni ọ̀nà ẹ̀bá òkun ní iwájú ìlú Lamu ní tirẹ̀, màmá lè rìn ín ní ìrọ̀lẹ́ láìgun ibì kankan. Bí o bá ti wọ inú, àwọn ọ̀nà a di tóóró, wọ́n a máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, gọ́tà tí kò ní ìdérí a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìlú àtijọ́ Zaria yóò mọ irú ọ̀nà tí mo ń wí: ògiri ní ọ̀tún, ògiri ní òsì, bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá sì ń bọ̀, ìwọ ni yóò yà fún un.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn inú ilé ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Òkúta iyùn inú òkun àti igi ẹ̀gbà tí ń hù nínú omi etí òkun ni àwọn ará ibẹ̀ fi kọ́ ilé wọn láti ayébáyé. Nítorí pé igi náà kì í gùn púpọ̀, yàrá a máa ṣe tóóró, ilé a sì máa ga sókè dípò kí ó fẹ̀. UNESCO kọ ìlú náà mọ́ àwọn ohun ìní ayé ní ọdún 2001, nítorí pé kò sí ìlú Swahili mìíràn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tí ó pẹ́ tó o tí ó sì ṣì wà ní pípé bẹ́ẹ̀. Ẹwà ni fún ojú, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn inú ilé wọ̀nyí ga, wọn kò dọ́gba, ọ̀pọ̀ kò sì ní ibi tí a lè di mú. Orí òrùlé ni wọ́n ti ń jẹun àárọ̀, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ wà, àwọn yàrá tí àlejò sì fẹ́ràn jù máa ń wà lókè.

Ní ìgbà tí èmi lọ, wọ́n fi yàrá kan hàn mí nínú àwòrán tí ó lẹ́wà púpọ̀, mo sì sanwó. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé òkè kẹta ni ó wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ méjì nínú mẹ́ta, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wa lórí òrùlé. Ó dùn mí títí di òní. Nítorí náà, má ṣe sanwó títí wọn yóò fi dá ọ lóhùn lórí nǹkan wọ̀nyí: ṣé yàrá wà nísàlẹ̀, ṣé ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá náà, àtẹ̀gùn mélòó ni ó wà láti ojú ọ̀nà dé ẹnu yàrá, ṣé wọ́n lè gbé oúnjẹ àárọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ní kí wọ́n fi àwòrán àtẹ̀gùn náà ránṣẹ́ sí ọ. Onílé tí ó bá ṣeé fọkàn tán kì yóò bínú sí i.

Ohun kan wà tí inú màmá yóò dùn sí. Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé, ìjókòó olókùúta wà tí wọ́n mọ mọ́ ara ògiri, baraza ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà máa ń jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn ìrun láti tàkúrọ̀sọ. Màmá lè máa rìn láti ìjókòó kan dé òmíràn, kò sì sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ará Sabon Gari, Kano

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Àfikún mi dá lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi, nítorí àwọn méjèèjì ni mọ́tò Lamu. Lóòótọ́, ìjọba àti ilé ìwòsàn ní ọkọ̀ díẹ̀, ọ̀kadà náà sì ti pọ̀ sí i láìpẹ́ yìí, ṣùgbọ́n nínú ìlú àtijọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó ń ru sìmẹ́ńtì, yanrìn, omi àti ẹrù àlejò. Àwọn kan yóò fẹ́ gbé màmá gùn ún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò ga, ọ̀nà há, ara ògiri ni orúnkún yóò sì máa gbá. Ẹran wọ̀nyí náà ń jìyà lábẹ́ ẹrù, ìdí nìyẹn tí àjọ The Donkey Sanctuary fi ń tọ́jú wọn ní Lamu láti ọdún 1987. Ẹ jẹ́ kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru àpótí, kí màmá wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá fẹ́ rí Shela, ọkọ̀ yóò gbé yín débẹ̀ láti iwájú ìlú. Ẹ fi ẹnu kò lórí owó kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sí inú rẹ̀, ẹ sì sọ bóyá ti gbogbo ọkọ̀ ni tàbí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: aago àwọn Swahili kò bá tiwa mu. Ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń ka wákàtí. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń pè ní saa moja, ìyẹn wákàtí kìíní. Aago mẹ́jọ ni saa mbili, wákàtí kejì. Ọlọ́kọ̀ kan sọ fún mi pé saa mbili ni a ó gbéra lọ wo Takwa, àwókù ìlú àtijọ́ kan lórí Manda. Mo ti kọ́ ìwọ̀nba òǹkà Swahili, mo mọ̀ pé mbili ni èjì, mo sì ro pé aago méjì ọ̀sán ni ó ń wí. Àárọ̀ ni ó ti dúró dè mí. Ìgbà tí omi bá kún nìkan ni ọkọ̀ lè gba àárín igi ẹ̀gbà dé Takwa, nítorí náà ìrìn àjò náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sọ aago fún ọ, béèrè bóyá àárọ̀ ni tàbí ọ̀sán, kí o sì fi òǹkà méjèèjì dá a padà fún wọn. Má sì gbàgbé pé wákàtí méjì ni Kenya fi ṣáájú wa.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan yóò dún létí màmá bí ti ilé. Wakati ni wọ́n ń pe àkókò, ó sì jọ wákàtí tiwa; baraka ni wọ́n ń pe alúbáríkà, nítorí inú èdè Lárúbáwá ni àwa àti àwọn ti mú un. Ọmọdé tí ó bá rí àgbà yóò kí i pé shikamoo, àgbà yóò sì dáhùn pé marahaba. Kọ́ màmá ní ìdáhùn yìí kí ẹ tó kúrò nílé. Wọn yóò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ará Minna

Nọ́ọ̀sì ni mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ara ni tèmi. Ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, nítorí láti Nàìjíríà ni ẹ ti ń bọ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn àjò ni ẹ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ náà bí ẹ kò bá tíì gbà á. Ibà ẹ̀fọn wà ní etíkun Kenya bí ó ti wà lọ́dọ̀ wa, ẹ béèrè oògùn tí ó bá àgbàlagbà mu lọ́wọ́ dókítà, pàápàá bí màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé ìwòsàn King Fahd wà nínú ìlú Lamu, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá le gan-an yóò gba kí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé èèyàn lọ sí Mombasa tàbí Nairobi. Ẹ ra ìdójútòfò ìrìn àjò tí ó kárí irú èyí, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Bàtà tí ó ní ìdè lẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀, ni kí màmá wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Oògùn orúnkún wọn kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí tí ẹ ó fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ òfúrufú. Ẹ jẹ́ kí ẹrù fúyẹ́, nítorí kìlógíráàmù 15 péré ni àwọn kan nínú àwọn ọkọ̀ kékeré máa ń gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fẹ́ràn báàgì rírọ̀ ju àpótí líle lọ.

Ọ̀rọ̀ àpò ọ̀rá, ìyẹn náílọ́ọ̀nù, tún wà. Kenya ti fòfin de àpò ọ̀rá láti oṣù kẹjọ ọdún 2017. A mọ bí àwa ṣe ń fi ọ̀rá di gbogbo nǹkan, láti bàtà dé orí gàrí. Ẹ fi aṣọ tàbí ike oníderí dì wọ́n.

Ará Jos

Kò sí ẹni tí ó tíì mẹ́nu ba ètò ààbò, àwa tí a ń gbé apá ibí sì mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a fò ó. Orí erékùṣù Lamu dákẹ́, àlejò ń rìn níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tí ó dojú kọ ọ́, nínú ìpínlẹ̀ Lamu kan náà, àwọn Al-Shabaab, ẹgbẹ́ agbébọn láti Somalia, ti ṣọṣẹ́ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ti ìlú Mpeketoni ní oṣù kẹfà ọdún 2014 ni ó burú jù. Nítorí náà ẹ má ṣe gba ọ̀nà ilẹ̀ láti Malindi lọ sí èbúté Mokowe nítorí pé ó wọ́n kéré. Òfúrufú ni kí ẹ gbà lọ, òun náà ni kí ẹ gbà bọ̀.

Ará Gwarinpa, Àbújá

Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. Ìbéèrè kan péré ni ó kù: owó ńkọ́, ìwé àṣẹ ìwọlé ńkọ́?

Ará Kubwa

Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni Kenya fòpin sí fisà, tí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ tí èèyàn ń béèrè fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì dípò rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n tún yọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kúrò nínú àwọn tí ó gbọ́dọ̀ gba ìwé náà. Òfin tí ó ń yí padà báyìí, orí ojú ewé ìjọba Kenya fúnra rẹ̀ ni kí o ti wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí o bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́nu èmi.

Ní ti owó, gba ṣílè Kenya ní Nairobi. Ilé ìfowópamọ́ wà nínú ìlú Lamu, àmọ́ má gbára lé ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ra sím Safaricom pẹ̀lú ìwé ìrìnnà rẹ, kí wọ́n sì ṣí M-Pesa, ètò tí a fi ń sanwó lórí fóònù, sí i fún ọ. Ọlọ́kọ̀, oníṣòwò ẹja àti ẹni tí ó ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó ń gbà á. Iná wọn bá pulọ́ọ̀gì oníhò mẹ́ta tiwa mu, o kò nílò ohun ìyípadà kankan.

Ará Gwarinpa, Àbújá

Ẹ wo bí mo ṣe tò ó. Ọjọ́ Ajé ni a ó kúrò ní Àbújá, a ó sì sùn ní Nairobi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, omi yóò ti kún nígbà tí ọkọ̀ bá dé Manda. Onílé náà ni ó bá mi wò ó. A ó sinmi títí di ìrọ̀lẹ́, kí màmá tó rìn díẹ̀ lẹ́bàá òkun. Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́rú ni a ó lọ wo odi àtijọ́ tí ó wà láàrin ìlú, èyí tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 1821, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan, kí oòrùn tó mú. Ní Ọjọ́bọ̀, a ó háyà ọkọ̀ onígbòkun kan tí yóò gbé wa la àárín igi ẹ̀gbà kọjá. A kò ní sọ̀ ní Takwa, nítorí wọ́n sọ fún mi pé inú omi ni èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ti pa Shela tì. Ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ti màmá, kò sí ètò mìíràn ní ọjọ́ náà ju ìrun lọ àti ìjókòó lórí baraza. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó padà.

Ilé méjì ni mo kọ̀wé sí. Èkíní kò dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Èkejì fi àwòrán ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà: àtẹ̀gùn mẹ́ta láti ojú ọ̀nà, irin tí a lè dì mú wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yàrá náà sì kọjú sí àgbàlá. Mo fi han màmá. Wọ́n wò ó, wọ́n ka àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú ìka wọn, wọ́n sì ní kí n tún ìdáhùn yẹn kọ́ wọn. Láti àná ni wọ́n ti ń dá gbogbo ọmọ inú ilé lóhùn pé marahaba.